Bí mo ṣe lo ọjọ́ kan lórí òkè Great Smoky láìkánjú

Oṣù Karùn-ún ni mo lọ sí Ọgbà Orílẹ̀-Èdè Great Smoky Mountains, tó wà lẹ́nu ààlà ìpínlẹ̀ Tennessee àti North Carolina ní Amẹ́ríkà, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá títí di òpin oṣù Kẹta ni wọ́n máa ń ti ọ̀nà ọkọ̀ tó gun òkè tí mo fẹ́ rí. Ìsinmi ni mo ń wá lọ, nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo yàn, Newfound Gap Road, àti òkè kan ṣoṣo, Kuwohi.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo fi dé Sugarlands, ibùdó àlejò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà. Wọn kì í gba owó ìwọlé, ṣùgbọ́n láti ọdún 2023, ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ gbọ́dọ̀ ra ìwé ìgbọ́kọ̀sí, dọ́là 5 fún ọjọ́ kan.

Ní Newfound Gap, àlàfo láàárín òkè tí ọ̀nà náà gbà kọjá, níbi tí Ààrẹ Franklin Roosevelt ti ya ọgbà náà sọ́tọ̀ fún aráàlú ní 1940, mo wọ súwẹ́tà, nítorí òtútù òkè yàtọ̀ gan-an sí ti àfonífojì. Mo jókòó, mo ń wo kùrukùru aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi sọ òkè náà lórúkọ. “Smoky” túmọ̀ sí eléèéfín, ṣùgbọ́n èéfín kọ́ o. Ohun tí ewé àìmọye igi ń mí sínú afẹ́fẹ́ ló ń fún un ní àwọ̀ yẹn. Mo wò ó títí ó fi ká kúrò lórí òkè kan, tó sì tún bo òmíràn.

Kuwohi ga ní mítà 2,025. Clingmans Dome ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó dá orúkọ tí àwọn Cherokee, ọmọ onílẹ̀ àgbègbè náà, ń pè é padà fún un ní 2024. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ síbi ilé gíga tí wọ́n ti ń wo ìran lórí òkè náà kò tó kìlómítà kan, ṣùgbọ́n ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì sinmi. Àánú ṣe mí nígbà tí mo rí òkú igi Fraser fir tó nà ró ní funfun bí egungun, èyí tí kòkòrò tíntìntín kan tó ti Yúróòpù wá ti fa oje wọn mu. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ igi ti ń hù lẹ́sẹ̀ wọn. Mo fọwọ́ kan èèpo ọ̀kan, ó ní àwọn kókó kéékèèké tí oje kún inú wọn, òórùn rẹ̀ sì mú ṣáṣá.

Lọ́sàn-án, mo sọ̀ kalẹ̀ sí Chimneys, ibi ìjẹun ìgbafẹ́ kan nínú ọgbà náà, mo jẹun létí odò, mo sì kó gbogbo ìyókù sínú ọkọ̀, nítorí béárì tó bá ti tọ́ oúnjẹ ènìyàn wò kì í bẹ̀rù ènìyàn mọ́, ìyẹn a sì máa ṣekú pa á. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ bàtà, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù náà, n kò sì dìde títí oòrùn fi kúrò lórí òkúta tí mo jókòó lé.