Fọ́ìlì Lórí Káàdì Ìkórè: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, tí iṣu kún ọjà, tí koko ń pọ́n lórí igi, ọ̀pọ̀ ìjọ ní Èkìtì, láti Adó dé Ìkọ̀lé dé Ẹ̀fọ̀n, ti ń múra ọdún ìkórè. Káàdì ìkíni tí a fọwọ́ ṣe, tí fọ́ìlì aláwọ̀ wúrà, ìyẹn awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń kọ mànà, ń dán lójú rẹ̀, níyì lọ́wọ́ ẹni tí a bá fún. Ṣùgbọ́n fọ́ìlì kì í dá lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń dì í mú, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ má ṣe lọ tẹ iṣẹ́ yín lórí ẹ̀rọ tó ń lo tàdáwà olómi. Fọ́ìlì tí à ń fi ooru lẹ̀ sórí irú káàdì yìí, tónà ló ń lẹ̀ mọ́, ìyẹn ìyẹ̀fun dúdú inú ẹ̀rọ fọtokọ́pì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà. Ike lúbúlúbú ló pọ̀ nínú tónà; bí ooru bá tún kàn án, á rọ̀, á sì gba fọ́ìlì mọ́ra. Tàdáwà olómi ti mu wọ inú pépà, kò sí ohun tó máa rọ̀ níbẹ̀. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi ìka tútù ra igun kan lára iṣẹ́ náà. Bó bá ṣàn, ẹ má fi fọ́ìlì yín ṣòfò lórí rẹ̀. Tónà tó ṣá náà kò dára, torí ibi tó bá ti fẹ́lẹ́ ni fọ́ìlì yóò ti já. Ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó dúdú dáadáa.

Èyí tó burú jù lọ ni ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń laminéètì, èyí tí à ń ki káàdì àti fọ́ìlì bọ̀ kí ooru rẹ̀ lè lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù ti mọ́ ọn lára láti ki gbogbo ohun tó bá gbà sínú ọ̀rá. Tó bá ki káàdì àti fọ́ìlì yín sínú ọ̀rá yẹn, gọ́ọ̀mù inú ọ̀rá á yọ́, á so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò sì sí bí ẹ ó ṣe yọ ọ́ mọ́. Ẹ sọ fún un kó tó tan ẹ̀rọ: kò sí ọ̀rá o! Ẹ ká pépà funfun kan sí méjì, ẹ tẹ́ káàdì sí àárín rẹ̀, ẹ gbé fọ́ìlì lé orí ibi tí tónà wà. Ojú aláwọ̀ wúrà ni kó wà lókè, kí ẹ̀yìn tí kò dán kọjú sí tónà. Ibi tí pépà ti ká ni kó kọ́kọ́ wọnú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá dojú fọ́ìlì délẹ̀, òfo ni yóò bá.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná tán kó tó gba iṣẹ́. Bí iná bá ń lọ sókè sódò, ooru rẹ̀ kì í tó, fọ́ìlì á sì lẹ̀ níbì kan kó fi ibòmíràn sílẹ̀. Bí ooru bá sì pọ̀ jù, fọ́ìlì á lẹ̀ wúrúwúrú mọ́ ara káàdì níbi tí a kò tẹ nǹkan kan sí. Bó bá jáde, ẹ mú sùúrù kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó ṣí i, torí tónà tó ṣì rọ̀ á bá fọ́ìlì lọ. Tó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù lẹ ní, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ tẹ́ iṣẹ́ sórí pákó líle, ẹ bò ó pẹ̀lú pépà, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírí ní ibì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń lọ aṣọ.

Ọ̀rọ̀ ara káàdì ńkọ́? Ibí yìí ló yẹ ká ti fara balẹ̀, torí èdè wa ní àmì lórí àti nísàlẹ̀. “Ẹ kú ọdún ìkórè” tí a fi lẹ́tà wínníwínní tẹ̀ máa ń pàdánù àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ: yálà kí fọ́ìlì fò ó, tàbí kó so ó mọ́ ìdí lẹ́tà. Ẹ lo lẹ́tà tó nípọn, tí kò ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́, kí ìwọ̀n rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà má sì dín ní 24. Àwọn lẹ́tà alárà tó wà lórí kọ̀ǹpútà, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Kọ̀ǹpútà á wá yá a láti inú oríṣi mìíràn, lẹ́tà kan á sanra, èkejì á rù. Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ kọ “Ẹ̀fọ̀n” àti “ṣọpẹ́” wò ná. Bó bá jáde bó ṣe yẹ, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ìlà àti lẹ́tà ni fọ́ìlì fẹ́ràn. Bí ẹ bá ya odindi èso koko tí inú rẹ̀ dúdú kíkún, ihò kéékèèké ló máa yọ lára rẹ̀. Ẹ ya ìlà rẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù aláwọ̀ kun inú rẹ̀ lẹ́yìn tí fọ́ìlì bá ti lẹ̀. Ẹ má dá káàdì tó ti ní fọ́ìlì padà sínú ẹ̀rọ lésà láti tẹ àwọ̀ kún un, nítorí ooru inú rẹ̀ lè ṣí fọ́ìlì kó sì ba ẹ̀rọ onílé jẹ́.

Àwọn mìíràn ń lo fọ́ìlì ìdáná àti gọ́ọ̀mù funfun. Ó dára, ó sì dín owó kù, àmọ́ wọ́n máa ń da gọ́ọ̀mù jù. Omi kì í gba ara fọ́ìlì jáde. Inú páálí nìkan ló máa gbà, páálí á mumi, á sì ká kò. Lóṣù kẹwàá tí òjò ṣì ń rọ̀, ó lè tutù títí di ọjọ́ kejì. Ẹ ra gọ́ọ̀mù náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ gbé ìwé ńlá lé e mọ́jú, tàbí kẹ́ ẹ kúkú lo sẹ́lótéèpù olójú méjì. Tí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ ọnà wú sókè lára fọ́ìlì, ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn tí a ká, kẹ́ ẹ fi báírò tí tàdáwà rẹ̀ ti tán fà á láti ẹ̀yìn. Ẹ rántí pé lẹ́tà tí a bá kọ láti ẹ̀yìn á yí padà lójú. Òdì ni kẹ́ ẹ kọ ọ́.

Páálí tó ní ìlà gbágungbàgun kò bá fọ́ìlì mu. Èyí tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, láti 200gsm sí 300gsm (gsm ni wọ́n fi ń wọn bí páálí ṣe wúwo tó), ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ gé pépà A4 sí méjì kẹ́ ẹ sì ká ìdajì náà; káàdì A6 ni yóò fún yín, àpò lẹ́tà C6 sì bá a mu. Ẹ fi rúlà àti báírò gbígbẹ fa ibi tí ẹ ó ká kẹ́ ẹ tó ká a, kí fọ́ìlì sì jìnnà síbẹ̀ ní mìlímítà márùn-ún, torí á sán bí a bá ká a.

Ẹ nu ọwọ́ yín gbẹ, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun, torí ìka tí òróró wà lára rẹ̀ máa ń fi àmì sílẹ̀ lára wúrà. Bí ẹ bá ń to káàdì jọ, ẹ fi pépà fẹ́lẹ́ sáàárín wọn. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ fi burọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku kúrò lójú káàdì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó gbé fọ́ìlì lé e, nítorí ibi tí eruku bá bà sí ni fọ́ìlì kò ní lẹ̀ mọ́.