Ẹ Má Kàn Kọ "Next Saturday" Ránṣẹ́ Séèyàn Mọ́

Iṣẹ́ kánópì àti àga lèmi ń ṣe nílùú Ogbómọ̀ṣọ́ níbí, ìtòsí Takie, àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun tí wọ́n fẹ́ wá sìnkú tàbí ṣèdána ló sì ń pè wá jù. Ọjọ́ Túsìdé kan lẹnìkan tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ láti London pé òun fẹ́ kánópì 4 àti àga 200 "next Saturday". A ò bi í léèrè. Nígbà tó di Sátidé, aago mẹ́fà àárọ̀ ò tíì lù tá a ti ń já àga sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, àfi bí ìyá ilé ṣe yọ tòun tìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe? Ṣebí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni." Bẹ́ẹ̀ kọ́sítọ́mà méjì la ti dá padà torí àga yẹn.

Ohun tó ń kó bá wa ni pé "Sátidé tó ń bọ̀" tiwa, èyí tó sún mọ́ jù ni, a wá ń sọ "tó ń bọ̀" di "next" lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ Òyìnbó, tó bá jẹ́ Túsìdé ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, "this Saturday" ni wọ́n á pe ti ọ̀sẹ̀ yẹn, "next Saturday" á wá di ti ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀pọ̀ ni mo sọ o, torí àwọn náà máa ń bára wọn jiyàn sí i, ẹlòmíì nínú wọn, èyí tó kàn gan-an ló ń pè ní next. "Next weekend" náà ò yàtọ̀, ẹ má sì gbà á láìbéèrè.

"Next tomorrow", ọ̀túnla la fi ń pè, gbogbo Nàìjíríà ló sì gbọ́ ọ, àmọ́ "the day after tomorrow" ni kẹ́ ẹ kọ sí Òyìnbó. Tí ará Britain bá ní "Friday week", ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Fúráìdé tó kàn ló ń wí. "Biweekly" ní tiẹ̀, ẹ sá fún un, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì méjì, díṣọ́nárì pàápàá gba méjèèjì.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ìṣirò ọjọ́, torí kò sẹ́ni tó ṣì í ṣe níbẹ̀. Àwa máa ń ka òní mọ́ ọn, òun ló jẹ́ kí òní, àná àti ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀ di mẹ́ta, tá a fi ń pè é ní ìjẹta. Ọjà ọrọọrún tá a bá ná ní Mọ́ńdè, Fúráìdé la tún máa ná an, ọjọ́ márùn-ún pé. Ẹ sọ "in five days" fún Òyìnbó ní Mọ́ńdè yẹn kẹ́ ẹ wò ó, Sátidé láá yọ, ìsọ̀ òfìfo láá bá. Ọjọ́ mẹ́jọ òní náà, "a week today" ni, kì í ṣe "in eight days".

Déètì ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù, torí 7/8 tiwa, ọjọ́ keje oṣù August ni, ará Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹjọ oṣù July. Èmi, ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ "next" báyìí, mo máa ń dá a padà fún un pé, "Saturday, 14 March, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Tí wọn ò bá tíì dáhùn, a kì í di àga sínú ọkọ̀.