Ẹsẹ̀ Tí Rọpárọsẹ̀ Mú: Bí A Ṣe Ń Tún Ìrìn Kọ́ Nílé

Ọpọlọ ni rọpárọsẹ̀ bà jẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá dí tàbí tó bẹ́ lápá ọ̀tún ọpọlọ, ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì ló máa rọ. Ìdí nìyí tí fífi òrí wọ́ ẹsẹ̀ nìkan kò fi lè mú un rìn. Òrí ń tura lóòótọ́, àmọ́ ọpọlọ ló ní láti tún ìrìn kọ́, àṣetúnṣe ló sì fi ń kọ́ ọ. Oṣù 3 sí 6 àkọ́kọ́ ló máa ń yára jù; síbẹ̀, ẹni tí rọpárọsẹ̀ rẹ̀ ti lé lọ́dún kan ṣì lè tẹ̀ síwájú.

Kí dókítà tàbí oníṣẹ́ físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, kọ́kọ́ yẹ aláìsàn náà wò. Kí aláìsàn má sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sílẹ̀.

Orí ìjókòó la ti ń bẹ̀rẹ̀. Àpótí ìdáná ti kúrú jù. Àga tó ga, tí ẹ gbé ti ògiri, ni kẹ́ ẹ lò. Kó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, kó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ á fi kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, kó wá dìde. Ẹ máa ṣọ́ ọ o: ọ̀pọ̀ ló ń gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ tó dáa. Ẹsẹ̀ tó rọ gbọ́dọ̀ ru ìpín tirẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un.

Bó bá ti ń dúró dáadáa, ẹ fi eérú fa ìlà sílẹ̀ lágbàlá, kó máa gbé ẹsẹ̀ kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà yẹn ń rán an létí pé kó ká orúnkún, kó má máa ju ẹsẹ̀ yípo bí ẹni ń fi àdá ṣán koríko.

Ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ tó rọ ni kó dúró sí. Ẹ so ọ̀já mọ́ ọn níbàdí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ má fa ọwọ́ tó rọ, èjìká á yẹ̀. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn bàbá wọn jù ló sábà máa ń gbé e bí ẹyin. Ohun tó bá lè dá ṣe, bó tilẹ̀ pẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣe é.

Ọwọ́ tó dáa ló ń di ọ̀pá mú. Kí orí ọ̀pá dé ọrùn ọwọ́ nígbà tó bá nàró. Ọ̀pá á ṣáájú, ẹsẹ̀ tó rọ á tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ tó dáa á kẹ́yìn. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dáa ló ń kọ́kọ́ gòkè, èyí tó rọ ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Bàtà tó di gìgísẹ̀ mú ni kó wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

Bí àyà bá ń dùn ún, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí iṣan ẹsẹ̀ kan wú tó ń ro ó, ẹ dáwọ́ dúró kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹnu bá tún wọ́ tàbí ọ̀rọ̀ dàrú lẹ́nu rẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.