Bí ìbéèrè ìsinmi mi tó há sórí òpó òṣìṣẹ́ ṣe kọjá

Ìbéèrè ìsinmi ọdọọdún tí mo fi ránṣẹ́ lórí òpó òṣìṣẹ́, ìyẹn ìkànnì ayélujára tí a fi ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ wa, kọ̀ láti kúrò ní "Pending" (ó ṣì ń dúró de ìfọwọ́sí), ọ̀gá mi sì ní òun kò rí ohun tí òun yóò fọwọ́ sí. Mo lo browser mìíràn, mo tún wọlé láti orí fóònù, pàbó ló já sí.

Nígbà tí mo ṣí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi, mo rí i pé orúkọ ọ̀gá àtijọ́, ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni ó ṣì wà níbi alábòójútó. Òṣìṣẹ́ kò lè yí i padà fúnra rẹ̀, nítorí náà mo ní kí ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ bá mi tún un ṣe. Síbẹ̀, ìbéèrè náà kò mira, nítorí pé ìgbà tí a bá ń fi í ránṣẹ́ gan-an ni ètò tiwa máa ń yan ẹni tí yóò fọwọ́ sí i. Ibi tó ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Mo fagi lé e, mo dúró kí ọjọ́ ìsinmi mi padà sórí àkọsílẹ̀, mo sì fi òmíràn ránṣẹ́. Ọ̀gá mi rí i lójú ẹsẹ̀.

Ètò ibòmíràn lè yàtọ̀, nítorí pé nínú àwọn kan, alákòóso lè darí ìbéèrè tó há sọ́dọ̀ ẹlòmíràn láìfagi lé e.