Bá A Ṣe Ń Di Edé Ayédèrú Mọ́ Ìwọ̀

Edé ayédèrú tá a fi ń tan ẹja la fẹ́ dì mọ́ ìwọ̀. Kẹ́ ẹ tó mú òwú rárá, ẹ gbàgbé àwọ̀ pupa. Edé ọlọ́wọ́ ńlá tí àwọn ẹja tí wọ́n ń pè ní bass àti trout máa ń jẹ l'Ámẹ́ríkà àti Yúróòpù kì í ṣe edé wẹ́wẹ́ tá à ń lọ̀ sọ́bẹ̀ o, ó tó ìka ọwọ́, òmíì tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní ọwọ́ méjì níwájú tó fi ń mú nǹkan bíi ti alákàn, iná ló sì ń sọ ọ́ di pupa, nígbà tó wà láàyè lábẹ́ òkúta àwọ̀ ẹrẹ̀ ló ní. Irú kan wà ní Louisiana tó pọ́n láàyè lóòótọ́, àmọ́ tẹ́ ò bá mọ èyí tó wà nínú odò tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ ṣe búráùn, ẹ lè fi àwọ̀ ọsàn díẹ̀ sí ṣóńṣó ọwọ́ ẹ̀.

Ẹ̀yìn ló sì ń sá sí. Tí ẹja bá lé e, á ká ìrù ẹ̀ kíá, á fò sẹ́yìn. Torí náà òdìkejì la ṣe ń di í: ìrù ẹ̀ wà lójú ìwọ̀ níbi tá a ń so okùn mọ́, orí àti ọwọ́ ẹ̀ wà níbi tí ìwọ̀ ti tẹ̀ kọrọdọ. Ẹni tó bá gbé orí síbi okùn, ẹja tó gbọ́n ò ní dá a lóhùn.

Yàtọ̀ sí awọ tá a máa fi ṣe ọwọ́ ẹ̀, kò sí èyí tẹ́ ò ní rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí nínú nǹkan tá a máa lò. Ìwọ̀ ọlọ́rùn gígùn nọ́ńbà 4 tàbí 6 (bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ìwọ̀ ń kéré), òwú súwẹ́tà búráùn, òwú ìránṣọ tó lágbára, ìyẹ́ ọrùn àkùkọ pupa, irun ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́, wáyà kọ́pà tín-ín-rín lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fáànù ṣe, òjé kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ àwọ̀n, kútẹ́ẹ̀sì tí ò láwọ̀. Ti ọwọ́ ẹ̀ lẹ máa ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ fún. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ awọ níbẹ̀ máa ń ní àjákù awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nílẹ̀, ẹ bá mi tọrọ èyí tí wọn ò tíì kùn, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Àwọn kan ń fi irun ṣe ọwọ́, èmi ò gba tiwọn, awọ máa ń rọ̀ tó bá ti mumi, á máa jù lẹ́lẹ́.

Tẹ́ ò bá ní fáìsì, irin tó ń di ìwọ̀ mú, ẹ fi páláyà há ìwọ̀, ẹ fi rọ́bà de ọwọ́ páláyà pọ̀, ẹ gbé nǹkan wúwo tì í.

Ẹ yí òwú ìránṣọ mọ́ ìwọ̀ lára tán, ẹ wá de òjé méjì lé ẹ̀yìn ìwọ̀ nítòsí ojú ẹ̀, ẹ̀yìn o, kì í ṣe inú. Ìyẹn ló máa dà á dé nínú omi tí ẹnu ìwọ̀ á fi kọjú sókè tí ò ní máa há sáàárín òkúta. Ẹ má fi eyín gé òjé, ẹ sì fọwọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe tán. Ẹni tó bá máa lò ó ní Yellowstone, ọgbà ìtura ńlá kan l'Ámẹ́ríkà, kó fi ìlẹ̀kẹ̀ idẹ rọ́pò, wọn ò gba òjé níbẹ̀.

Ní kọrọdọ, ẹ de awọ méjì tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2, kó fẹ̀ níwájú kó tín-ín-rín nídìí, ọ̀kan sọ́tùn-ún ọ̀kan sósì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe ọwọ́ yẹn ní gbẹ̀ǹgbẹ̀. Ẹja fẹ́ràn èyí tí ọwọ́ ẹ̀ kéré torí kò ní lè já a, ọwọ́ ńlá sì máa ń mú kó yí po tí okùn á fi lọ́. Ẹ so òwú súwẹ́tà, ìyẹ́ àti wáyà síbẹ̀ náà, ẹ yí òwú bọ̀ wá síbi òjé, kó nípọn lápá ọwọ́ kó máa tín-ín-rín bọ̀, ìyẹ́ tẹ̀ lé e dé ìdajì, òun lẹsẹ̀, wáyà á wá rì í mọ́lẹ̀. Ẹ da ìwọ̀ dé, ẹ de irun ọ̀kẹ́rẹ́ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹnu ìwọ̀ wà kó bo ẹnu náà, kí ìdí irun yọ díẹ̀ lójú ìwọ̀, òun nìrù. Ẹ ta kókó mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì sí i. Ẹ jù ú sínú báàfù omi, tí ẹnu ìwọ̀ ò bá kọjú sókè, ẹ fi òjé kún un.

Ibi olókúta ni kẹ́ ẹ lọ, nírọ̀lẹ́. Bob Clouser, ará Pennsylvania tó ní edé ayédèrú tiẹ̀, odò Susquehanna tó kún fún òkúta ló ti ń fi í dẹ bass. Ẹ jù ú, ẹ dúró kó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ibí ni ìkánjú ti ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, ẹ wá fi ọwọ́ fa okùn díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, ẹ dúró, ẹ tún fà. Ìgbà tó ń rì padà lẹja máa ń gbé e, ẹ ò sì ní mọ̀ ọ́n lára, ojú okùn ni kẹ́ ẹ máa wò, tó bá dúró tàbí tó yà ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fa okùn gírí, ẹ má kọ́kọ́ gbé ọ̀pá sókè.

Odò Ọbà wa ńkọ́? Kò sí bass kò sí trout níbẹ̀, ká má tan ara wa. Àrọ̀ ń fi irùngbọ̀n àti òórùn wá oúnjẹ, kò ní dá edé yìí lóhùn àfi tẹ́ ẹ bá fi ekòló há ẹnu ìwọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń dé, ẹ ṣàn án, ẹ sá a síbòji kí awọ má gan, kẹ́ ẹ fi ẹnu ìwọ̀ ha èékánná yín. Tó bá ń yọ̀, òkúta ti jẹ ẹ́, ẹ fi fáìlì pọ́n ọn.