Èsì ABG: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Bí èsì ABG, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a fà láti inú iṣan tó ń lù láti mọ ọ́síjìn, CO2 àti pH inú rẹ̀, bá ti dé, ibi ọ́síjìn ni ojú ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ń sáré lọ. Bó bá ti wà láàárín 80 sí 100 mmHg, ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ná: ọ́síjìn mélòó ni aláìsàn ń mí sínú nígbà tí ẹ fa ẹ̀jẹ̀ yẹn? Ẹni tó ní 90 láìsí ìrànlọ́wọ́ àti ẹni tó ní 90 pẹ̀lú ìbòmú ọ́síjìn kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró ẹnì kejì ń jìyà. Ẹ kọ ọ́ sára ìwé èsì.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni CO2, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí à ń mí jáde. 35 sí 45 ló yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ikọ́ fée gbé dè, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tirẹ̀ yẹ kó wálẹ̀ ju 35 lọ, torí mímí kíákíá ń kó o jáde. Bó bá jẹ́ 40 lẹ rí, ẹ má sọ pé ó dára. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ ni, agbára àtimí ti ń tán lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ pe dókítà àgbà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ń fi há ìka láti ka ọ́síjìn kò lè sọ èyí fún yín, kì í ka CO2 rárá.

pH, ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kan sí (bó bá wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti kan jù), náà ń tanni. Ẹ wo èsì yìí: pH 7.36, CO2 60, bicarbonate (èròjà tó ń dín kíkan ẹ̀jẹ̀ kù) 33. pH wà láàárín 7.35 sí 7.45 tó yẹ, àmọ́ CO2 ti pọ̀ jù, kíndìnrín ló ti ń tọ́jú bicarbonate pamọ́ kí pH má baà já wálẹ̀. Àìsàn ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ẹ má fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nínú sírínjì, á yí iye ọ́síjìn àti CO2 padà. Ẹ má gbé e kalẹ̀ pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ṣì ń jẹ ọ́síjìn. Bí ọ́síjìn bá sì kéré lódì sí ohun tí ara aláìsàn ń fi hàn, ó lè jẹ́ iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn lẹ gún.

Iṣan tó ń lù lọ́rùn ọwọ́ máa ń ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ẹ tẹ ojú abẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán, kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.