Ìfura loògùn àgbà, àmọ́ ẹ má lò ó báyìí

Àwọn àgbà ò parọ́: ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n oògùn ní ìwọ̀n, mo sì ti rí ilé tí àlòjù rẹ̀ tú ká.

Àṣìṣe tó burú jù lójú mi ni kí èèyàn sọ ohun gbogbo di ẹ̀rí. Ọkọ yín dákẹ́, ẹ ní ó ń fi nǹkan pa mọ́. Ó sọ̀rọ̀, ẹ ní ó ti há a sórí ni. Ẹ yọ́ yẹ fóònù rẹ̀ wò, ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ ní ó ti pa á rẹ́. Bọ́rọ̀ bá ti dà báyìí, ẹnu wo ni yóò fi wí àwíjàre?

Àwọn tí amí jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn gan-an jìn sí kòtò yìí. James Angleton, tó darí ìdènà amí ní CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, láti 1954 títí di 1974, fọkàn tán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Kim Philby, òṣìṣẹ́ àjọ amí Gẹ̀ẹ́sì. Àṣé Soviet (Rọ́ṣíà àtijọ́), ọ̀tá wọn nígbà náà, ni Philby ń ṣe amí fún, ibẹ̀ náà ló sì sá lọ ní 1963. Lẹ́yìn èyí, kò síbi tí Angleton ò ti rí ọ̀tá. Nígbà tí Yuri Nosenko, òṣìṣẹ́ àjọ amí Soviet, sá kúrò níbẹ̀ wá bá wọn ní 1964, ẹ̀tàn ni wọ́n pè é. Wọ́n tì í mọ́lé fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta, láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Nígbà tó yá, CIA fúnra rẹ̀ dá a láre. Ọ̀rẹ́ ló dà wọ́n, àlejò ni wọ́n fìyà jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ọmọ ní iṣẹ́ amí. "Lọ gbọ́ ẹni tí bàbá rẹ ń bá sọ̀rọ̀." Ẹrù àgbà lẹ gbé lé e lórí yẹn, ẹ sì ń kọ́ ọ lófòófó.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí wọn ò sọ fún yín ni ọ̀tẹ̀. Àìsàn tí ẹ̀gbọ́n yín ò tíì lè fẹnu sọ, tirẹ̀ ni.

Bí ìdí gidi bá wà ńkọ́? Bí àpẹẹrẹ, owó tí ẹ jọ ń tọ́jú ń dín. Ẹ má fi ohun tí ẹ ti mọ̀ dẹ pàkúté fún un, kí ẹ máa bi í bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Irọ́ tí ìbẹ̀rù bá mú un pa níbẹ̀ yóò di ẹ̀sùn kejì. Ẹ sọ ọ́ lójúkojú: "Mo rí i pé owó yìí dín. Kí ló ṣẹlẹ̀?" Kí ẹ wá dákẹ́, kó sọ tẹnu rẹ̀ tán.